Orí Kẹfà: Ọ̀kadà Yìí, Ọmọ Ọdún Mélòó Ni?

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ ẹni tó ń ta pátì ọ̀kadà ní Ẹ̀pẹ́, tí ẹ ní kọ́ìlì lẹ fẹ́ rà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni pé, "CG ni àbí Boxer?" Ẹ ò tíì dáhùn tán tí ọwọ́ á ti dé orí pẹpẹ, páálí á ti sọ̀kalẹ̀, ó ku owó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjà náà á wọ̀, ẹ̀rọ á sì jí. Ìbéèrè kejì, èyí tí wọn kì í sábà bèèrè, ni orí yìí dá lé: ti ọdún wo ni?

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe alùpùpù kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Orúkọ kan náà lè wà lára táńkì fún ogún ọdún, kí ohun tó wà lábẹ́ táńkì náà sì ti yí padà láìmọye ìgbà. Lọ́dún yìí wọ́n á pààrọ̀ kabúrétọ̀, lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á sọ bátìrì di ńlá, lọ́dún mìíràn ẹ̀wẹ̀ wọ́n á fi gíà kan kún gíà. Kò sí ẹni tó máa lu agogo fún ẹni tó ń gùn ún. Nígbà tí pátì bá bàjẹ́, tí tuntun tí wọ́n rà sì kọ̀ tí kò wọ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì ha irin. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ tó dára ti ń di ìdààmú. Èmi ò sì rí àtúnṣe mìíràn sí i ju pé kí a gba nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin àti ìwọ̀n tí a fi ọwọ́ ara wa wọ̀n gbọ́, ṣáájú orúkọ ara táńkì, ṣáájú páálí, ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà.

Àwọn tó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di iṣẹ́ ńlá ni àwọn tó ń tún alùpùpù àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe, pàápàá Harley-Davidson, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Milwaukee lọ́dún 1903. Lójú wọn, bí pátì kan ṣoṣo bá jẹ́ ti ọdún tí kò yẹ, owó ẹ̀rọ náà ti já nìyẹn. Orí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń sọ ìran ẹ̀rọ náà: Knucklehead jáde lọ́dún 1936, Panhead gba ipò rẹ̀ lọ́dún 1948, Shovelhead dé lọ́dún 1966. Ṣùgbọ́n ìyókù ara kò dúró de orí. Ní 1949, fọ́ọ̀kì iwájú tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́ rọ́pò ti ìsípíríńgì. Ní 1958, wọ́n gbé ṣọ́kì sí ẹ̀yìn, kí ẹni tó ń gùn ún lè sinmi díẹ̀. Ní 1965, ó di ohun tí wọ́n ń fi bọ́tìnnì jí dípò kí wọ́n máa ta á nípàá. Ẹ wá wò ó: Panhead parí ní 1965, bọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀ ní 1965. Èyí ni pé Panhead ńlá tó bá jáde láti ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú bọ́tìnnì, ọdún kan ṣoṣo ló lè jẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí kò nílò ìwé kankan kó tó mọ̀ pé ẹni tó ń pè é ní 1962 ń purọ́, tàbí pé ẹnì kan ti gbé ẹ̀yà ẹ̀rọ kan sára òmíràn.

Harley tún ṣe ohun kan tó dùn mọ́ mi. Lára nọ́ńbà pátì wọn, ẹyọ méjì tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn àmì dáàṣì ni ọdún tí pátì náà kọ́kọ́ jáde. Bí nọ́ńbà bá parí sí -48, ọdún 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ 1948 nìkan ló ni ín. Bí wọn kò bá yí i padà, ó tọ́ fún ẹ̀rọ 1955 náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí pátì -58 lára ẹ̀rọ 1955, pátì yẹn kò bá a jáde láti ilé. Pátì lè dàgbà ju ẹ̀rọ lọ, kò lè kéré sí i lọ́jọ́ orí. Òfin yìí ṣiṣẹ́ ní Milwaukee, ó sì ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́.

Ní tiwa, kì í ṣe Harley la ń gùn lọ sọ́jà Olúwo. Àwọn tó ń gun alùpùpù ńlá máa ń gba ojú títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kọjá lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n á pariwo, wọ́n á lọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni Honda CG125, Suzuki AX100 àti Jincheng tó jọ ọ́, àti Bajaj Boxer tó ti gba ìgboro báyìí. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù kẹfà 2022, tí wọ́n sì fi mẹ́rin kún un ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Ẹ̀pẹ́ kò sí nínú wọn. Ìdí nìyí tí ẹ ṣì fi lè rí ẹ̀rọ tó ti gbó gan-an tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lójú ọ̀nà Nọ́fọ́ríjà, tí omi ẹja ń kán sára ṣọ́kì ẹ̀yìn rẹ̀ láti àárọ̀. Omi ẹja yẹn kò ṣeé fojú di. Ó lè ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ sì ń mú kí irin dógùn-ún kíákíá. Nọ́ńbà tó yẹ ká kà ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí CG125, nítorí òun ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí Honda fẹ́ ṣe é, wọ́n rán àwọn ẹnjiníà wọn lọ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo alùpùpù láwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà tí owó kò ti pọ̀. Wọ́n rí ohun tí àwa náà mọ̀: ẹrù àjùlọ, ọ́ìlì tí wọn kì í pààrọ̀ lásìkò, asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fọ̀. Ẹ́ńjìnnì 125 tí Honda ń tà tẹ́lẹ̀ gbé kámù sókè lórí, níbi tí ọ́ìlì ti ní láti gùnkè dé; bí ọ́ìlì bá dọ̀tí tàbí tó dín kù, kámù ló máa kọ́kọ́ jẹ. Nínú CG tí wọ́n gbé jáde láàárín ọdún 1970 sí 1979, wọ́n sọ kámù kalẹ̀ sísàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì wà, wọ́n sì fi ọ̀pá irin méjì máa ti fáàfù láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ṣéènì ẹ̀yìn náà, wọ́n kó o sínú àpótí irin kí iyanrìn má bàa dé ibẹ̀. Kò sí ohun ìgbàlódé kankan nínú ìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó ń ti fáàfù pẹ̀lú ọ̀pá ti wà tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí CG. Síbẹ̀, ìpinnu yẹn ló jẹ́ kí CG pẹ́ láyé, tí àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà tó pọ̀ sì fi ń ṣe àdàkọ rẹ̀ títí di òní.

Honda dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1979, Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n sì ti ń to alùpùpù. Nítorí náà, CG tí ẹ bá bá lábẹ́ igi láàárín ìlú Ẹ̀pẹ́ lè jẹ́ èyí tó ti Japan wá tán pátápátá, ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n tò ní Ọ̀tà, ó sì lè jẹ́ ọmọ Ṣáínà tó wọ ẹ̀wù Honda. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá èkísà rírẹ̀ sí pẹtiróòlù díẹ̀, kí ẹ jìnnà sí iná, kí ẹ sì nu apá òsì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì dáadáa. Ẹ má fi yanrìn tàbí sáńdípépà ha á. Irin tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí kò jinlẹ̀, ẹ sì lè pa ohun tí ẹ ń wá rẹ́. Bí kò bá hàn, ẹ fi ẹfun pa á lójú, kí ẹ fi ìka nu un kúrò. Ẹfun á kù sínú ihò nọ́ńbà, ẹ ó sì rí i kà. Ti Honda máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ àti lẹ́tà E tó dúró fún ẹ́ńjìnnì: CG125E, lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà tó ń tẹ̀lé ara wọn. Ti ṣáásì wà lọ́rùn férémù níbi tí ọwọ́ ọkọ̀ ti ń yí, CG125 láìsí E. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rù nígbà tí wọ́n bá rí i pé nọ́ńbà méjèèjì kò bára mu. Ní ti Honda, wọ́n sábà máa ń yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ wá, nítorí ibi kan ni wọ́n ti ń to ẹ́ńjìnnì, ibòmíràn ni wọ́n ti ń jó férémù. Ní ti Harley, láti 1970 ni nọ́ńbà ti wà lára méjèèjì. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì nìkan ló ní nọ́ńbà, férémù kò ní rárá. Àṣà ilé kan kì í ṣe òfin ilé kejì, ẹ má fi ìwé ẹnìkan dájọ́ fún ẹlòmíràn.

Bó bá jẹ́ pé 156FMI ni ẹ bá lára ẹ́ńjìnnì náà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ọmọ Ṣáínà nìyẹn, nọ́ńbà rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ ju ti Honda lọ. Ẹyọ 1 àkọ́kọ́: sílíńdà kan. 56: ìbú ihò sílíńdà, milimítà 56 àti díẹ̀. F: afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára. M: ti alùpùpù ni. I: ìpele 125. Bí ẹ bá rí 162FMJ, milimítà 62 ni ìbú rẹ̀, J sì dúró fún 150. Ti AX100 ọmọ Ṣáínà ni 1E50FMG: E yẹn ló sọ pé ẹ́ńjìnnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀ ni, 50 sì ni ìbú ihò rẹ̀. Pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta mẹ́rin yìí, ẹ ti mọ písítìn tí ẹ máa bèèrè kí ẹ tó kúrò nílé, yálà orúkọ ara táńkì jẹ́ Jincheng, tàbí orúkọ mìíràn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ní àná.

Fún àwọn ẹ̀rọ tuntun bíi Boxer, nọ́ńbà ṣáásì jẹ́ ẹyọ 17, ìlànà tí Amẹ́ríkà sọ di dandan láti 1981 tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé sì gbà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti ṣe é: J fún Japan, L fún Ṣáínà, M fún Íńdíà àti díẹ̀ nínú àwọn aládùúgbò rẹ̀. MD2 ni ti Bajaj. Ẹyọ kẹwàá ló sábà máa ń sọ ọdún: A ni 2010, F ni 2015, K ni 2019, R ni 2024. Wọ́n fo I, O àti Q kí ènìyàn má bàa kà wọ́n sí 1 àti 0, wọ́n sì tún fo U àti Z ní ti ọdún. Ọdún ọgbọ̀n ni yíyí rẹ̀, nítorí náà F tó jẹ́ 2015 ló jẹ́ 1985 náà. Kò sì sí ẹni tí ojú rẹ̀ ríran tó máa fi Boxer pe ti 1985. Ẹ tún rántí pé ọdún ti ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ọdún ti kàlẹ́ńdà gan-an. Alùpùpù tí wọ́n pè ní 1958 lè ti kúrò ní Milwaukee ní ìparí 1957.

Ó ku ọ̀rọ̀ kọ́ìlì tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ká sọ pé ọmọ kan jogún CG bàbá rẹ̀ nínú agboolé kan ní Ẹ̀pẹ́, ó sì gbé e lọ bá mẹkáníìkì.

"Ọ̀gá, kọ́ìlì ló kú. Ẹ bá mi fi tuntun sí i."

"Àbúrò, kọ́kọ́ ká ìdérí bátìrì fún mi ná. Ihò mélòó ló wà lórí rẹ̀?"

Ìbéèrè ọ̀gá yìí kì í ṣe eré. Iyàrá kọ̀ọ̀kan nínú bátìrì olómi ń mú nǹkan bíi fóòtì 2 jáde, iyàrá kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdérí tirẹ̀. Ìdérí mẹ́ta, fóòtì 6. Ìdérí mẹ́fà, fóòtì 12. CG àkọ́kọ́ jẹ́ fóòtì 6, ó sì ń fi ojú kọ́ńtáàtì tó ń ṣí tó ń pa dé jí iná. Èyí tó tẹ̀lé e di fóòtì 12 pẹ̀lú àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní CDI. Iṣẹ́ tí kọ́ìlì ń ṣe nínú ọ̀kan yàtọ̀ sí ti ìkejì. Nínú èyí tó ní kọ́ńtáàtì, iná ń ṣàn nínú kọ́ìlì wọ́ọ́rọ́wọ́, kọ́ńtáàtì á ṣàdédé gé e, gígé yẹn ló máa bí iná ńlá tó máa fò ní ojú púlọ́ọ̀gì. Nínú CDI, àpótí yẹn ló ń kó iná jọ dé bíi igba fóòtì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, á wá tú u sínú kọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́ìlì tí wọ́n wé fún iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ní wáyà tó bá iṣẹ́ kejì mu. Ó lè wọ̀ sí bọ́ọ̀tì kan náà, ó tiẹ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀rọ jí láàárọ̀ tí ara rẹ̀ tutù. Tó bá gbóná lọ́sàn-án lójú ọ̀nà Ìtòókín, á bẹ̀rẹ̀ sí í já, mẹkáníìkì á sì máa tú kabúrétọ̀ tí kò ṣẹ̀. Fíláíwíìlì náà jẹ́rìí sí i: ti kọ́ńtáàtì ní kámù kékeré láàárín, ti CDI ní òkè kan tó yọ sí ìta rẹ̀. Bí ẹ bá bá fíláíwíìlì ti CDI lára férémù ti fóòtì 6, ẹnì kan ti ṣe àtúnṣe ńlá sí i, kí ẹ sì wo gbogbo wáyà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Nígbà tí ẹ bá ti tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ kúrò, ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ wo inú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, bíi ìdérí ẹ̀gbẹ́ àti mọ́gáàdì, àmì róbótó kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Nọ́ńbà 1 sí 12 yí i ká, ọfà kan wà láàárín tó tọ́ka sí ọ̀kan nínú wọn, ẹyọ nọ́ńbà méjì sì jókòó ti ọfà náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ọfà ń tọ́ka sí oṣù, ẹyọ méjì yẹn ni ọdún tí wọ́n da rọ́bà náà sínú ìkòkò rẹ̀. Bí ọfà bá dúró sí 7, tí ẹyọ méjì náà sì jẹ́ 1 àti 6, oṣù keje 2016 ni wọ́n dà á. Kò sí gbájú-ẹ̀ tó ń rántí àmì yẹn. Wọ́n á kun táńkì, wọ́n á lẹ orúkọ tuntun mọ́ ọn, ọfà á ṣì máa tọ́ka síbi tó ń tọ́ka sí. Táyà náà ní tirẹ̀: ẹyọ mẹ́rin nínú àmì gbọọrọ, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún. 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí ẹyọ mẹ́ta péré ló bá wà níbẹ̀, táyà náà ti wà kí ọdún 2000 tó dé, ẹ má sì gùn ún lọ ibì kankan.

Iná iwájú jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ọdún àti ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè ti pàdé. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì lọ sí apá ọ̀tún. Japan, Íńdíà àti Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lápá òsì. Iná iwájú tí wọ́n bá ṣe fún apá òsì lè tẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí òsì nígbà tí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kó lè tan etí títì. Ẹ gbé irú iná bẹ́ẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló máa tàn. Ó wọ̀, kò yẹ. Díńgí iná iwájú kan wà tí wọ́n tẹ lẹ́tà E sí inú àmì róbótó. Bí ọfà kan bá wà níbẹ̀ tó dojú kọ apá ọ̀tún ẹni tó ń wo iná náà, ti apá òsì títì ni. Bí kò bá sí ọfà, tiwa ni. Ọfà olórí méjì, ó gba ibi méjèèjì. Iná àwọn ọ̀kadà kékeré kan wà tí ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, ìyẹn kò ní wàhálà. Bí ẹ ò bá rí àmì, ẹ tan án sára ògiri lálẹ́, kí ẹ wo ibi tó gbé ga sí.

Wàyí o, nọ́ńbà pátì. Honda ń kọ tirẹ̀ ní ìpín mẹ́ta: ẹyọ márùn-ún, ẹyọ mẹ́ta, ẹyọ mẹ́ta. Márùn-ún àkọ́kọ́ sọ ohun tí pátì náà jẹ́, mẹ́ta àárín sọ ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, mẹ́ta ìkẹyìn sọ ẹ̀dà rẹ̀, yálà wọ́n ti tún un ṣe. Písítìn Honda ni 13101, yálà ti alùpùpù kékeré tàbí ńlá. 383 ni CG125. 13101-383-000 nìyẹn. Bí ẹ bá rí 383 lára pátì tó wà lára ẹ̀rọ mìíràn, kò túmọ̀ sí pé ayédèrú ni. Ó lè jẹ́ pé Honda yá pátì CG fún ẹ̀rọ yẹn. Yamaha yí i padà: ẹ̀rọ ló ń ṣíwájú, irú pátì ló tẹ̀lé e, 11631 sì ni písítìn tiwọn. Ẹni tó bá mọ èyí lè dúró níwájú pẹpẹ kó sì yan písítìn láàárín àwọn rín-ìn-gì láì tíì ṣí páálí.

Ṣùgbọ́n páálí lè purọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ wọn nǹkan. Ìbú ihò CG125 jẹ́ milimítà 56.5, ìrìn písítìn jẹ́ 49.5, ẹ ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ sísì 124. AX100 jẹ́ 50 sí 50, sísì 98. Bí sílíńdà bá ti jẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ fẹ̀, wọ́n á sì fi písítìn tó tóbi díẹ̀ sí i: 0.25, 0.50, 0.75 tàbí 1.00 ló sábà máa ń wà lórí písítìn náà. Ní ti Honda, nọ́ńbà á gòkè láti 13101 lọ sí 13102, 13103, títí dé 13105. CG tí wọ́n ti lọ̀ dé 1.00 ní ìbú 57.5, sísì rẹ̀ sì ti di bíi 128.5. Bẹ́ẹ̀ ni, ó fi díẹ̀ lágbára sí i, ṣùgbọ́n òpin rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ní láti wá sílíńdà tuntun tàbí kí ẹ fi ẹ̀wù irin tuntun sí inú rẹ̀. Ẹni tó bá ra písítìn pẹ̀lú orúkọ, tí kò wo àmì orí rẹ̀, á gbé ti 56.5 sínú ihò 57. Ààyè ìdajì milimítà yẹn ti tó láti jẹ́ kí ẹ̀rọ máa tú èéfín búlúù títí á fi kú. Ẹ ra irinṣẹ́ ìwọ̀n tó ní ojú méjì. Ó wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò tó ti sílíńdà kan.

Púlọ́ọ̀gì máa ń dójú ti àwọn tó gbọ́n lójú ara wọn. Lára NGK, lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bí òwú rẹ̀ ti tóbi tó: B jẹ́ milimítà 14, D jẹ́ 12, C jẹ́ 10. Lẹ́tà tó tẹ̀lé nọ́ńbà ń sọ bí ó ṣe gùn tó: H jẹ́ 12.7, E jẹ́ 19. D8EA ni ti CG. Bí ẹ bá fi èyí tó gùn sínú orí tí wọ́n gbẹ́ fún kúkúrú, písítìn á gòkè wá gbá a lẹ́nu. Nọ́ńbà àárín jẹ́ ti ooru, bó bá sì ṣe ga tó lára NGK ni púlọ́ọ̀gì ṣe tutù tó. Champion àti Bosch ń kà á lódìkejì. Nítorí náà, kò dára kí ẹ fi nọ́ńbà NGK bèèrè Champion.

Ṣéènì kò le. 428 àti 420 ní àlàfo kan náà láàárín pín-ìn-nì sí pín-ìn-nì, milimítà 12.7, inú 428 fẹ̀ tó bíi 7.9, ti 420 jẹ́ 6.35. 428 á gun orí irin eléyín tí wọ́n ṣe fún 420, á sì máa mì. 420 kò ní wọ orí irin eléyín ti 428. Bíárìn rọrùn jù: ẹyọ méjì ìkẹyìn ni ihò inú rẹ̀. 00 jẹ́ 10, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17. Láti 04 lọ, ẹ fi márùn-ún sọ ọ́ dìpúpọ̀. Bíárìn 6203 tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta pátì ẹ̀rọ ìlọta jẹ́ milimítà 17 bákan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n gbé sínú páálí tí wọ́n kọ orúkọ alùpùpù sí, tí owó rẹ̀ sì ju ti tọ̀ún lọ.

Ìbéèrè ojúlówó àti ayédèrú wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni tó ń wàásù. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, ẹni tó ń fi ọ̀kadà jẹun kò lè dúró de písítìn láti Japan. Púpọ̀ nínú pátì tó ń wọ Ẹ̀pẹ́ gba Nnewi kọjá, ìlú tó di ilé pátì alùpùpù fún Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Innocent Chukwuma tó dá Innoson sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú pátì alùpùpù kó tó di pé ó ń to ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Wọ́n ń kó alùpùpù wọlé ní títú sí wẹ́wẹ́ kí kọ̀ńtánà lè gbà á púpọ̀, wọ́n á sì tò ó nílé. Ìṣòwò ọlọ́gbọ́n ni, ó sì jẹ́ kí alùpùpù dín owó. Àmọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n tú tí wọ́n tún tò lè ní kabúrétọ̀ ọdún kan àti wáyà ọdún mìíràn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ti tà á. Pátì tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe ayédèrú bí ẹni tó ṣe é bá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ayédèrú ni èyí tó jí orúkọ ẹlòmíràn gbé wọ̀. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí ohun tó ń yí, ohun tó ń dá ẹ̀rọ dúró àti ohun tó ń gba iná jẹ́ ojúlówó: bíárìn, bírèékì, rín-ìn-gì písítìn, CDI. Mọ́gáàdì àti díńgí, ẹ ra èyí tó bá wù yín.

Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì pátápátá, ẹ má fi nọ́ńbà àtijọ́ tẹ tuntun. Ojú irin tí ilé-iṣẹ́ tẹ nọ́ńbà sí máa ń ní ìrísí tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ti lọ̀ dán kí wọ́n tó tún tẹ̀ ẹ́, ọlọ́pàá tó bá mọ iṣẹ́ á rí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì ẹ́ńjìnnì tuntun, kí ẹ sì jẹ́ kí ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sórúkọ yí ìwé padà.

Kí ẹ tó ju pátì tó kú sórí ààtàn, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ìwé náà ni kí ẹ mú lọ sí ìsọ̀ nígbà mìíràn, bí wọ́n bá tún bi yín pé, CG ni àbí Boxer.